Ẹrù Tí Mo Rù Láti Ìgèdè Dé Adó

Bàbá mi kò fi ipá mú mi rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ jù. Kátíkíìsì ni Akínyẹlé bàbá mi ní Adó, ó sì ti gun àga ìwàásù lọ bá àwọn tó ń fi túláàsì fa ọmọbìnrin fún ọkọ wí. "Ọmọ kì í ṣe ewúrẹ́," ni yóò wí, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á sì mi orí. Èmi náà á mi orí, n ó sì máa wo yíká bí ẹni pé èmi ni mo bá a kọ ìwàásù náà.

Ní ọdún 1957 tí mò ń sọ yìí, ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti gbà mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà obìnrin ní Ìbàdàn. Oṣù kìíní ni a ó wọlé. Ẹni tí kò bá dé, àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ti di ẹrù wọn sílẹ̀ tí wọ́n ń retí kí àyè ṣí. Mo ti ra àpótí páànù, mo sì ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ mi sí i lára: Monínúọlá Akínyẹlé. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé lọ́dún náà ju kí n bá àpótí yẹn wọ ọkọ̀ Ìbàdàn lọ.

Ọyẹ́ ti mú gan-an nígbà tí Akínbọ́lá dé láti Jọ́ọ̀sì. Ọmọ Adó ni, ṣùgbọ́n Òkè Ọya ló ti dàgbà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì wá lo ìsinmi nílé. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ kan, Bàbá pè mí. Ó ní àánú ọmọkùnrin náà ń ṣe òun, pé kò mọ òkè kan, kò mọ odò kan nílẹ̀ baba rẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní kó ròyìn ìlú rẹ̀, kí ni yóò wí? Ó ní ta ló wá mọ àwọn ibi tó yẹ kí àlejò rí ní àyíká Adó bí èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ilẹ̀ ayé? Bàbá mọ ibi tó ń yún mi, ibẹ̀ gan-an ló sì họ.

Mo jókòó, mo ṣètò ìrìn náà bí ẹni tó ń múra iṣẹ́ kíláàsì. A ó kọ́kọ́ gun òkè Ayọ́ba kó lè rí gbogbo ìlú, a ó wọkọ̀ lọ sí Ìyìn, a ó sì parí rẹ̀ sí Ìgèdè níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ń sun jáde. Mo ní ká lọ sí Ìkéré lọ́jọ́ kejì kó lè wo òkè Olósùnta. Bàbá ní ká fi Ìkéré sílẹ̀. Mi ò béèrè ìdí. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé Akínbọ́lá kò ní ẹbí ní Ìkéré.

Ìyá Adéfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló bá wa lọ, nítorí ọmọ kátíkíìsì kì í bá ọkùnrin rìn lóun nìkan. Ó wọ bàtà tuntun lọ gun òkè. Ó yẹ kí ìyẹn ti mú mi fura.

Láti orí Ayọ́ba, ọyẹ́ bo etí ìlú, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ hàn dáadáa: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ààfin Ewì, èéfín tó ń dìde ní Ọjà Ọba. Mo na ọwọ́ sí òkúta Olóta, mo júwe ibi tí ọ̀nà Ìkéré gbà. Akínbọ́lá ń gbọ́ mi tọkàntọkàn. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ń pè mí ní Mísì bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń pè mí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn sí ara mi lórí òkè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Adéfúnkẹ́ ní kò dára ká kọjá lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Adébíyìí, àbúrò bàbá Akínbọ́lá, láìyà kí i. A yà. Ọkùnrin náà ti wọ agbádá lówùúrọ̀ kùtù. Ó gbé iṣu jáde nínú apẹ̀rẹ̀, kò nà án sí Akínbọ́lá, èmi ló nà án sí. Kò yà mí lẹ́nu. Àlejò kì í kúrò nílé àgbà lọ́wọ́ òfo, èmi ni mo sì kéré jù nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí ta ni ẹrù ì bá gbé bí kò ṣe orí mi? Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, ó sì gbàdúrà sí mi lórí. Àdúrà náà gùn ju iṣu lọ.

Ní Ìyìn, ilé àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ la tún yà sí. Mo ti ń sọ fún un nípa àwọn òkúta tó yí ìlú náà ká nígbà tí ìyá kan gbé abọ́ páànù funfun kan jáde. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ìgò oyin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. A máa ń fi iṣu ṣe àlejò, a máa ń fi adìyẹ ṣe é. Oyin àti iyọ̀, gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé wọn kalẹ̀. Mo yíjú sí Ìyá Adéfúnkẹ́. Ó ní kí n gbà á, pé ọwọ́ àgbàlagbà ti ń ro lókè. Ojú gbogbo agbo ilé wà lára mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi.

Inú bọ́lẹ́kájà tó ń lọ sí Ìgèdè ni mo ti bi í. Ọkọ̀ náà kún, àárín ni wọ́n há mi sí, apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, abọ́ lórí itan. Akínbọ́lá wà níwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Mo ní kí Ìyá Adéfúnkẹ́ sọ òótọ́ fún mi.

"Kí lo rò pé o ń rù láti àárọ̀?" ni ó wí. Kò tilẹ̀ yíjú kúrò lára kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, ní àdúgbò tiwa, ọmọbìnrin ló máa ń yí ilé àwọn ẹbí ọkọ ká, tí yóò fi orí ara rẹ̀ ru ohun tí wọ́n bá fún un wálé. Bó bá dé iwájú bàbá rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù náà títí yóò fi ní kí wọ́n sọ òun, ìyẹn ni pé kí wọ́n bá òun gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti ní kí wọ́n sọ òun, ó ti gba ọkọ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ká àṣà náà kúrò nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ mi kankan kò fi rí i rí. Bàbá ló lọ hú u jáde. Ẹ̀rù Ìbàdàn ń bà á. Ó ní ọmọbìnrin tó bá kàwé jù, ọkọ á máa sá fún un, bẹ́ẹ̀ ni Akínbọ́lá jẹ́ ọmọ ìjọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n kátíkíìsì tó ń wàásù pé ọmọ kì í ṣe ewúrẹ́ kò lè fi okùn fà mí. Ó fẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ mi rìn wọlé ọkọ, kí n sì fi ọwọ́ mi gba ẹrù, kí ayé má baà rí ọ̀rọ̀ sọ.

Mo ní kí awakọ̀ dúró. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó gbọ́, àwọn tó há mi sáàárín sì ní kí n rọra, pé Ìgèdè ò jìnnà mọ́.

Ìyá àgbà Akínbọ́lá ń dúró dè wá ní Ìgèdè. Yèyé Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ó fi ọwọ́ pa mí lójú, ó pa mí léjìká, ó wá fa kíjìpá kan yọ nínú igbá tó ní ìdérí. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, ó sì ti ń fi pamọ́ fún ìyàwó ọmọ yìí.

"Uyàwó mi, o káàbọ̀ sí ulé rẹ," ni ó wí. "Gbà á kí ojú mi tó kú tán."

Ẹ sọ fún mi, kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Mo ti múra pé n ó kọ̀ ọ́. Mo ti ka gbólóhùn náà sórí bí àkọ́sórí. Ṣùgbọ́n ó na aṣọ náà síwájú, ó sì ń fi ọwọ́ kejì wá ibi tí ọwọ́ mi wà. Mo gbà á. Omi bọ́ lójú mi, wọ́n ní ẹkún ayọ̀ ni, wọ́n sì bú sórin.

A lọ wo orísun Ọ̀ṣun, nítorí ìrìn àjò la ṣáà wá. Omi kékeré ni lábẹ́ igi, èyí tí ènìyàn lè fi abọ́ dé mọ́lẹ̀. Mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ó ń lọ sí Òṣogbo, ó ń lọ títí dé ọ̀sà. Mo dúró tì í, mo sì ń jowú rẹ̀. Ó ń jáde nílé lọ, kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá Adéfúnkẹ́ ń bọ́ bàtà tó ń dùn ún, ni mo bá ráyè bá Akínbọ́lá sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé n kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, pé Ìbàdàn ni mo fẹ́ lọ.

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní Bàbá sọ fún òun pé mo ti gbà tipẹ́, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí n dá a sọ.

"Mísì, bí ẹ bá fi ẹrù náà sílẹ̀ níhìn-ín, Yèyé Àgbà á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lè pa á," ni ó wí. "Ẹ rù ú délé, kí ẹ sọ fún Bàbá yín. Èmi ò ní bínú."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Bàbá mi ni, mo sì mọ ìwàásù rẹ̀ lórí. Mo rò pé bí mo bá dúró níwájú rẹ̀ tí mo sọ ọ́ gaara, kò sí bí yóò ṣe sọ pé òun kò gbọ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé abọ́ lé e, wọ́n gbé e rù mí, a sì padà sí Adó. Akínbọ́lá yà sí ilé Bàbá Adébíyìí ká tó dé ilé wa.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo rù ú wọlé. Àwọn àgbà ìjọ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní pálọ̀, àwọn tó ti ń mi orí sí ìwàásù yẹn. Ìyá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá. Bàbá dìde.

"Monínúọlá," ni ó wí, "ta ló fi ipá gbé ẹrù yìí rù ọ́?"

Mo wá orúkọ kan, n kò rí i. "Kò sí, Bàbá. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo fẹ́ lọ. N kò fẹ́ ọkọ."

Àwọn àgbà yí ara padà lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá kò bínú rárá. Ohùn tó fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi dá mi lóhùn. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe ewúrẹ́, kò sí okùn lọ́rùn mi. Bí n kò bá fẹ́, ọ̀nà ṣí sílẹ̀: kí n rù ú padà lọ fún ìyá arúgbó náà ní Ìgèdè, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un. Bí mo bá sì fẹ́ kí wọ́n sọ̀ mí, kí n sọ. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án títí n ó fi sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ Ìgèdè ti tán lójú ọ̀nà nígbà yẹn, ó sì mọ̀. Ó ní kí a gbàdúrà nígbà tí mo bá ń rò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ àdúrà kátíkíìsì rí ẹ mọ bí ó ti máa ń gùn. Ó gbàdúrà fún ìjọ, ó gbàdúrà fún ọba, fún àwọn arìnrìn-àjò àti fún àwọn tó wà lórí òkun. Mo dúró. Mo pinnu pé n ó dúró di òwúrọ̀, n ó sì bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ dá a padà. Ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgò oyin ń ró nínú abọ́. Gbogbo wọn di ojú, kò sí ẹni tó wò mí àfi ìyá mi. Mo fi eyín tẹ ètè mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dé ẹnu mi. Orí mi kò gbà, ọkàn mi kò gbà. Ọrùn ni kò lè dúró mọ́.

"Ẹ sọ̀ mí," ni mo wí.

Bàbá dá àdúrà dúró ní àárín gbólóhùn. Ó kọjú sí àwọn àgbà, ó ní kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí pé ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n ní Àmín.

Ìyá mi ló wá nawọ́ sókè tó gba ẹrù náà. Bó ti tẹ̀ mọ́ mi láti gbé e, ẹnu rẹ̀ kan etí mi.

"O gbìyànjú," ni ó wí. "Lọ́jọ́ tèmi, ulẹ̀ ti ṣú kí n tó ní kí ọ̀n sọ̀ mí."