Gbódó Lórí Odi Òkun

Èmi ni mo hùwà òmùgọ̀, kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Mo sá gbódó sórí odi tí ìjọba fi ń gba àlejò. Àgbà bíi tèmi, tó bí ọmọ mẹ́fà, tó ti ń ta iṣu lọ́jà Savalou kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì ibẹ̀.

Ìlú náà wà létí òkun. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ṣì fẹ́ padà síbẹ̀. Ìlú kékeré ni: ilé díẹ̀, igi àgbọn, iyanrìn tí ń wọ bàtà, tí ń wọ ọbẹ̀. Bí ẹ bá rìn díẹ̀ kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, ẹ ó rí odi kan tí àwọn òyìnbó kọ́ láyé àtijọ́, tòun ti ìbọn àgbá mẹ́ta tó kọjú sí òkun. Ibẹ̀ ni Fadilath, ọmọ ọmọ mi, ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń mú àlejò yí odi náà ká, tó ń fi Faransé sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn. Oṣù mẹ́fà ló ti fi ń ṣe é bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọ̀gá rẹ̀, Mesié Cyrille, fẹ́ tẹ̀ lé e kí ó gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Bó bá dára, wọn yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá dára, kó di ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá náà ti wí fún un tẹ́lẹ̀ pé ohùn rẹ̀ kéré jù, pé ńṣe ló ń ka ìwé lé àlejò lórí, àti pé ọmọ òkè tó dàgbà tán kó tó rí òkun kò lè mọ ohun tí odi yìí wà fún. Fadilath ló sọ ọ́ fún mi lórí tẹlifóònù. Mo ní kó dúró dè mí. Ẹnikẹ́ni kò pè mí o.

Mo di àpò gbódó kan ní Bantè, ìlú wa, láti fi ta ọ̀gá náà lọ́rẹ. Ẹ mọ gbódó: iṣu tí a bó, tí a gé, tí a bọ̀ lómi gbígbóná, tí a sá sóòrùn títí tó fi le bí egungun. Onítakisí so ó mọ́ orí ọkọ̀. A kọjá Savalou láìsí wàhálà, àmọ́ kí a tó dé Dassa, òjò ká wa mọ́nà. Nígbà tí a ó fi débẹ̀, àpò náà ti wúwo bí ewúrẹ́ tó lóyún. Gbódó tó bá tutù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a kò sá a, yóò bu. Yàrá Fadilath kò ju ibùsùn kan lọ, iyanrìn sì ni gbogbo àgbàlá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àpò náà tẹ̀ lé e lọ sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Òun gun sẹmijàn, alùpùpù akérò, tirẹ̀ níwájú, èmi gun tèmi lẹ́yìn, ìdí mi sì gba gbogbo àga alùpùpù náà débi pé orí táǹkì epo ni awakọ̀ jókòó sí.

Fadilath ní kí n jókòó sábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà, kí n má ṣe ohunkóhun. Mo jókòó. Mo gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí orí odi: ó fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn ti mú òkúta rẹ̀ gbóná, kò sí igi tó ṣíji bò ó. Ẹni tí kì í ṣe ará Bantè yóò rí odi. Èmi rí àpáta. Orí àpáta ni ìyá mi ti ń sá gbódó, ibẹ̀ lèmi náà ti kọ́ ọ. Bí obìnrin ilẹ̀ wa bá rí òkúta gbígbóná tí nǹkan kan kò sí lórí rẹ̀, ọwọ́ ló máa ń yún un. Mo gun àtẹ̀gùn, mo sá gbogbo rẹ̀ láti igun dé igun. Èyí tí kò ríbi dúró sí, mo tò ó sẹ́yìn ìbọn àgbá. Mo wá jókòó tì í pé kí n máa lé ẹyẹ. Atẹ́gùn òkun fẹ́ wọ abẹ́ ìró mi, ó tù mí lára débi pé mo sùn lọ, mo la ẹnu sílẹ̀.

Ohùn Faransé ló jí mi. Àlejò bí ogún ti gun orí odi, àwọn tíṣà láti Kutonu àti òyìnbó mélòó kan. Fadilath wà níwájú tòun ti ìwé lọ́wọ́, Mesié Cyrille wà lẹ́yìn pátápátá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo gbódó. Òyìnbó kan ti ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó jọ pé ó rò pé àtìgbà tí wọ́n ti kọ́ odi ló ti wà níbẹ̀.

Mesié Cyrille fi èdè Fọ̀n béèrè ẹni tó kó ìdọ̀tí yìí síbí. Mo gbọ́ ọ yé, nítorí èdè Máhì tí mo fi ń tajà ní Savalou kò jìnnà sí i. Ojú èmi àti Fadilath ṣe mẹ́rin. Mo fẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn ìbọn, ṣùgbọ́n ìbọn náà kò tóbi tó ìdí mi. Mo bá ṣẹ́jú sí ọmọ náà, mo mi orí díẹ̀, pé kó sọ pé òun kò mọ̀ mí rí. Mo ti múra tán láti ṣe bíi wèrè, kí n kó gbódó mi, kí n máa kọrin lọ. Kí ni wèrè? Orúkọ tí wọ́n pè mí nílé ọkọ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fadilath ká ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó kì í bọ àpò.

"Ìyá àgbà mi ni," ó wí. "Bantè ni wọ́n ti wá. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ọ̀gá, oúnjẹ ni."

Ó tọrọ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé àgbọ̀n sókè pé kó máa wí. Ohun tí Fadilath wá sọ, ó tún un sọ fún mi lẹ́yìn náà, nítorí Faransé tèmi kò kọjá kí á kí ara wa. Ó mú ègé gbódó kan, ó nà án sókè. Ó ní ìyá àgbà òun kò kàwé, wọn kò sì rí òkun rí títí di àná, síbẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ yìí, orí odi yìí ni wọ́n yàn, nítorí oòrùn kì í kúrò níbẹ̀, atẹ́gùn kì í sinmi, ohunkóhun kò sì dí i lójú. Ohun kan náà ni àwọn tó kọ́ ọ ń wá. Wọ́n fẹ́ rí ọkọ̀ òkun látòkèèrè, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ̀tù ìbọn wọn tutù. Ó ní kí àwọn àlejò fọwọ́ kan òkúta. Ogún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jó wọn lọ́wọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó dúró kí ẹ̀rín wọn tán. Ó wá sọ nípa àwọn ẹrú tí wọ́n dè, tí wọ́n kó gba ìsàlẹ̀ odi náà lọ sínú ọkọ̀. Ó ní àwọn kan nínú wọn lè jẹ́ ará òkè bíi tòun, tí wọ́n mọ gbódó, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí òkun ni ọjọ́ tí wọ́n rí ilẹ̀ yìí kẹ́yìn. Mesié Cyrille tú ọwọ́ tó ká sẹ́yìn.

Ohùn ọmọ náà kò kéré rárá. Mo mọ ohùn yẹn, òun ni mo fi ń pe oníbàárà ní Savalou.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, ọ̀gá pè é wọ ọ́fíìsì. Èmi ń yí gbódó padà, mo yí ègé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n ti gbà á. Mo ké Alihamudulilai, mo jó lórí odi náà títí ìró mi fi tú, ẹ̀ṣọ́ tó wà nísàlẹ̀ sì yíjú sí òkun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Fadilath bá mi so ìró. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ ń yí gbódó títí a fi dé ìbọn kẹta.

"Ìyá àgbà," ó wí, kò wo ojú mi. "Ẹ ṣẹ́jú sí mi pé kí n sẹ́ yín. Ká ní èmi ni mo ṣe ohun ìtìjú láàárín ọjà Savalou, tí gbogbo àwọn oníbàárà yín ń wò wá, ṣé ẹ̀yin ì bá sẹ́ mi?"