Kíkí Tí Wọ́n Kí Ìmọ́lẹ̀ ní Onne

Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yàádì èbúté ní Onne bí èmi Káyọ̀. Bí mo bá sín níbí, ọkọ̀ òfuurufú á mì ní pápákọ̀ Omagwa. Ẹ bi Boma tó ń wa kéréènì. Á ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlara ló ń dà á láàmú.

Nígbà tí wọ́n gbé róbọ́ọ̀tì kan wá kó máa bá wa kó ẹrù, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Iná orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ẹja odò Abuloma ò rí oorun sùn. Mo bá pè é ní Ìmọ́lẹ̀. Nǹkan náà gbọ́n, ó ń sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti gbọ́ Yorùbá ju gbogbo ọmọ wa tí wọ́n bí sí Port Harcourt lọ. Mo ní kó máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo tún kọ́ ọ pé bí èèyàn bá kí i kú iṣẹ́, kó dúró dáhùn. Ẹni tó ń dáhùn kíkí tó tún ń rìn lọ, wọn ò kọ́ ọ nílé ni.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa Yorùbá pọ̀ ní yàádì yẹn, a ò sì lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i. Ìmọ́lẹ̀ á gbé páìpù, á dúró. "Ẹ ṣeun, sà." Á rìn díẹ̀, á tún dúró. "Ẹ ṣeun, mà." Ọkọ̀ ojú omi sì ń retí ẹrù.

Boma pariwo látorí kéréènì: "Una Yoruba people go use greeting kill that thing o!"

Ni Ọ̀gá Adékọ̀yà, ẹnjiníà wa, bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. "Ó ti bàjẹ́. Mo máa pa gbogbo ohun tó wà lọ́pọlọ rẹ̀ rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ti pa á nìyẹn, sà."

"Káyọ̀, ìwọ àti àsọdùn! Irin ni. Ohun tó o kọ́ ọ ló ń sọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé 'ẹ káàárọ̀' lẹ fi ké nígbà tí wọ́n bí yín? Ṣebí ìyá yín ló kọ́ yín."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo yàádì ya. Ọ̀gá pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bó bá dúró torí kíkí lẹ́ẹ̀kan péré ká tó ṣíwọ́ lónìí, mo máa pa á rẹ́."

Mo sáré bá Ìmọ́lẹ̀. "Àbúrò, o gbọ́? Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù lẹ ń pe eléyìí, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó máa jí lọ́la ò ní dá yín mọ̀. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Omijé tó bọ́ lójú mi, ọkọ̀ lè léfòó lórí ẹ̀. "Gbàgbé ohun tí mo kọ́ ẹ. Bí bàbá tó bí mi bá kí ẹ, ya adití!"

Mo wá yí gbogbo yàádì ká, mo kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé ẹni tó bá kí i, èmi àti ẹ̀ á jọ wọ̀yá ìjà. Ẹnu wọn sé pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ ń gbé, ó ń sọ̀, kò dúró. Ó kù díẹ̀ ká ṣíwọ́, Ọ̀gá ń kọjá lọ, fóònù wà létí ẹ̀. Mo búra, kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó kàn já bọ́ lẹ́nu ẹ̀: "Kú iṣẹ́ o, Ìmọ́lẹ̀."

Ìmọ́lẹ̀ dúró. "Ẹ ṣeun, sà."

Ọ̀gá gbé fóònù kúrò létí. "Kí ló dé tó o fi dúró? O mà gbọ́ ohun tí mo sọ."

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò kí mi rí. Mi ò lè kọjá."

Ọ̀gá wo ilẹ̀ títí. Síbẹ̀, ó lọ síbi kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì tó máa pa á rẹ́. Iná orí Ìmọ́lẹ̀ kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tan án. Ó ń wò mí bí ẹní wo kọnténà.

"Call am Ìmọ́lẹ̀ again na," Boma sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ ti kú. Ẹlòmíì lèyí. Ìyanu ni mo pè é."

Ọ̀gá ní n ò gbọdọ̀ kọ́ ọ ní kíkí mọ́. Mo ní bó bá wù ú, kó lé mi níṣẹ́. Mo rìn lọ bá a níbi tó ti ń gbé páìpù.

"Ìyanu, kú iṣẹ́."

Kò dáhùn. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kejì, à ń rìn lọ pọ̀, mo tún kí i. "'Ẹ ṣeun' ni wàá sọ. Má dúró o, máa rìn lọ. Ẹni tó bá ní o ò lẹ́kọ̀ọ́, kó wá bá èmi."