Líǹkì Tó Gbé Fọ́tò Ìyá

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyàwó Baba Oníkọ́kọ́rọ́, bàbá náà sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé ká ní ọmọ náà tètè dé ilé ìwòsàn ni, ìyá rẹ̀ ì bá má kú. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, kò sọ ibi tó ń lọ. Ó ti di ọdún kan àbọ̀ báyìí. Ímeèlì tí kò ju ìlà kan lọ ló ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, pé ara òun yá, kí bàbá má dààmú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan, yà kí i ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ń fi ayùn rẹ́ eyín kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè tó fi béèrè bóyá èèyàn lè ti ara ímeèlì mọ ibi tí ẹni tó kọ ọ́ wà.

Obìnrin náà ṣàlàyé fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà tó fi wọlé, òun ni wọ́n ń pè ní IP. Ímeèlì mìíràn máa ń gbé nọ́ńbà náà sórí, ṣùgbọ́n ó yẹ ti ọmọ náà wò, wọ́n ti fi tirẹ̀ pa mọ́. Líǹkì nìkan ló kù. Bí ọmọ náà bá tẹ líǹkì tí àwọn ṣe, ibi tí líǹkì náà já sí máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà náà á sì sọ ìlú tó wà, bí kò tilẹ̀ lè sọ ilé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò ìyá rẹ̀ ṣe é. Kò ní fura. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.”

Ó ṣe líǹkì náà, ó fi í sílẹ̀ fún bàbá kó fi ránṣẹ́.

Ogójì ọdún ni bàbá ti ń ṣí ilẹ̀kùn fáwọn tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Bí ilé tilẹ̀ ṣófo, tí onílé dúró tì í, ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan àgádágodo. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ògiri ló ń kí. Ó jókòó, ó fi ìka kan tẹ ímeèlì tí yóò bá líǹkì náà lọ:

“Ọmọ mi, fọ́tò ìyá rẹ ló wà nínú líǹkì yìí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, màá mọ ìlú tí o wà. Bí o kò bá fẹ́, má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ kò dáa. Èmi náà pẹ́ kí n tó dé ilé ìwòsàn.”

Nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó káwọ́ lérí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún wá fi tàkúté han ẹran.”

“Kì í ṣe ẹran,” ni bàbá wí. “Ọmọ mi ni.”

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ẹnikẹ́ni kò tẹ líǹkì. Bàbá gé kọ́kọ́rọ́ méjì bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, àbúrò ìyàwó rẹ̀ pè é. Nọ́ńbà kan ti wọlé. Ìlú náà ò jìnnà, èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ náà ti wo fọ́tò ọ̀hún lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Kó tó di ọ̀sán, ímeèlì dé.

“Bàbá mi, nọ́ńbà yẹn ò lè mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Òpópónà kejì lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè, ilé aláwọ̀ ewé, yàrá kẹta. Mi kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.”

Bàbá kà á lórí ìdúró. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ béèrè ìgbà tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ máa ń gbéra.