Ọwọ́ Gééjì Sarjono

Ìsọ̀ tí mo ti ń ta tempe, ìyẹn ẹ̀wà sóyà tí wọ́n dì tí wọ́n sì dín, fara kan ṣọ́ọ̀bù Bàbá Tukiran, mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù ṣe lójú ọ̀nà tó gòkè lọ sí oko tíì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi kòró.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Wagiyem ti alùpùpù ọkọ rẹ̀ wá. Sarjono ọkọ rẹ̀ ti kú láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nísàlẹ̀ afárá Watugede ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Alùpùpù rẹ̀ wà létí títì lókè, ọwọ́ gééjì tó ń sọ bí ó ṣe ń sáré tó sì há sórí ọgọ́ta. Torí ọgọ́ta yẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe gbà pé eré àsápajúdé ló pa á. Ìyá Sarjono tilẹ̀ ń sọ ọ́ káàkiri pé Wagiyem ló pe ọmọ òun lórí fóònù pé òjò ń bọ̀, kó tètè máa bọ̀ nílé. Ó ní ìpè yẹn ló rán an sọ́run. Wagiyem kàn ní kí Bàbá Tukiran bá òun dá ọwọ́ náà padà sí òdo, kí òun lè máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ láìmáa rí ọgọ́ta níwájú òun.

Bàbá Tukiran tú wáyà tó so gééjì mọ́ táyà iwájú, ó nù ún, ó fi gíríìsì tuntun sí i, ó sì dá a padà. Ọwọ́ ò mira. Ó wá ṣí orí gééjì, ó bá gíríìsì àtijọ́ tó ti gbẹ mọ́ ìdí ọwọ́ náà. Ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó kán òróró sí i, ó yẹ irin tín-ín-rín tó ń fà á padà wò. Irin náà ò tẹ̀, kò sì já. Ọwọ́ padà sí òdo. Àmọ́ nígbà tó yí táyà, ọwọ́ gòkè, ó sì tún há sórí ọgọ́ta.

"Gééjì yìí lórí kunkun ju ìyàwó mi lọ," ó ní.

"Màá bá yín jíṣẹ́ fún wọn," mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ gééjì náà kúrò lára alùpùpù pátápátá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà ló ń dà á láàmú. Ọwọ́ bọ́ sí òdo. Ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ kírun alásàárì. Ìgbà tó máa fi dé, òjò ti ṣú, Wagiyem sì ti dé láti wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀.

Ó dé ogún, ó dé ọgbọ̀n. Bàbá Tukiran gbé gééjì náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí wáyà, kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ rọra wálẹ̀ sí mẹ́wàá, ó tún gòkè.

Wagiyem sún mọ́ ọn. Ó ní iwájú ilé ìwé nìyẹn, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà dábùú títì, tí kálukú fi ń dẹ eré. Ó ń ka ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbà wálé bọ̀ bẹ́ẹ̀, títí kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iléeṣẹ́ tíì. Ọwọ́ náà ò kọjá márùndínlógójì rí. Nígbà tó yá, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sí òdo.

"Ó ti dé afárá," Wagiyem ní. "Ibẹ̀ ló ti máa ń dúró wọ aṣọ òjò."

A ń gbọ́ òjò lórí páànù. Lójijì, ọwọ́ náà fò láti òdo dé ọgọ́ta, ó dún pá, ó sì há síbẹ̀.

Bàbá Tukiran jókòó. "Ọmọ mi," ó ní, "ẹni tó bá ń sáré, díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ gééjì rẹ̀ ń gòkè. Kí ọwọ́ tó lè fò báyìí, nǹkan ńlá ló gbá alùpùpù náà. Ọkọ rẹ ti dúró. Mọ́tò kan ló wá bá a níbi tó dúró sí."

"Ìgbà tí wọ́n gbé e délé," Wagiyem ní, "apá kan ṣoṣo ló wà nínú aṣọ òjò. Wọ́n ní ìṣubú ló bọ́ ìkejì."

Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìborùn rẹ̀ wé gééjì náà, ó gbé e lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀, èmi àti Bàbá Tukiran sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn alásàárì, ọwọ́ náà padà sí òdo, ó sì tún rin ìrìn rẹ̀ lójú ìyá arúgbó náà. Nígbà tó dúró ní òdo, ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bo gíláàsì rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá a dúró síbẹ̀. Ọwọ́ fò lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyá sunkún, ó ní kí Wagiyem dárí ji òun. Ó bu ìrẹsì fún un, àwọn méjèèjì sì jọ jẹun.

A ò mọ mọ́tò náà títí dòní. Bàbá Tukiran dá gééjì padà sára alùpùpù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ geere. Láti ọjọ́ yẹn, kò dá rìn mọ́. Mo rò pé inú Wagiyem á dùn sí i, àmọ́ ó sọ fún mi pé ojoojúmọ́ lẹ́yìn alásàárì lòun ń jókòó ti alùpùpù náà, tóun ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "nígbà tí ọwọ́ náà ń rìn, ó dà bí ẹni pé ọkọ mi ń bọ̀ nílé."