Bátìrì Méjì Tí Harlan Fi Kún Un

Ìgbín ni àwọn ọ̀rẹ́ Verna ń pè é. Ní àdúgbò àwọn tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ ní Florida, obìnrin méje ló máa ń wa kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù wọn, ọkọ̀ kékeré tó ń fi bátìrì rìn, tẹ̀lé ara wọn lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́ láràárọ̀, Verna ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Láti ìgbà tí ẹ̀rù títì ńlá ti mú kó pa mọ́tò tì, kẹ̀kẹ́ yìí nìkan ló fi ń dá ara rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú.

"Ìgbín, ṣé ká bá ọ ru ìkarahun yẹn ni?" Dottie, ọ̀kan nínú wọn, ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Verna rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Harlan ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rín náà kò dénú. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló ti fẹ́ ẹ.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, Harlan tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀. Ó fi bátìrì méjì kún mẹ́fà tó wà níbẹ̀ kí agbára iná lè pọ̀ sí i, ó sì ra ẹ́ńjìnnì tó yára. Gus aládùúgbò wọn, tó máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, bá a lẹ́nu rẹ̀.

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ti ìrìn jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tó o bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, fúnra rẹ̀ ló ń rọra dúró. Èyí ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣé o ti sọ fún Verna?"

"Gus, ìwọ tí koríko ẹnu ọ̀nà rẹ ga ju ajá lọ, ìwọ lo wá ń kọ́ mi níṣẹ́."

Ọdún mẹ́jọ ni Verna fi wa kẹ̀kẹ́ láìtẹ bíréèkì. Yóò gbẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ yóò rọra, ó parí. Harlan mọ̀. Nígbà tó fa kẹ̀kẹ́ náà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó fẹ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n inú ìyàwó rẹ̀ dùn débi pé kò fẹ́ fi ìkìlọ̀ bà á jẹ́. Ó ní ọ̀la kò jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì, Verna ya Dottie sílẹ̀, ó ya gbogbo wọn sílẹ̀. Nígbà tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sábẹ́ afárá, ó gbẹ́sẹ̀. Ògiri ló dá kẹ̀kẹ́ náà dúró. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́.

"Mo rò pé mo gbẹ́sẹ̀," ló sọ fún Harlan ní ọsibítù. "Bóyá mi ò gbé e. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára màmá mi nìyẹn. Á ní òun ti paná ìdáná, iná á sì máa jó."

Ìyá Verna kú láìmọ orúkọ ọmọ kankan tó bí. Harlan la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọkùnrin tó láyà láti tú ẹ́ńjìnnì, ojo ni níwájú aya rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Verna ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sórí bébà láti dán ara rẹ̀ wò. Ó ní kí Gus bá òun ta kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tó wá ní kí Harlan wá ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iyè wọn ti ra fún òun, Harlan kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Orí mi pé?"

"Ó pé. O gbẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Verna sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ọkàn Harlan balẹ̀ díẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Verna fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, Harlan. O jókòó síbẹ̀ yẹn, ò ń wò mí bí mo ṣe ń sunkún orí ara mi."

Harlan tún nawọ́ sí i.

"Mi ò lè dìde kúrò nínú yàrá yìí," ni Verna wí jẹ́jẹ́. "Jọ̀wọ́, ìwọ ni kó o jáde."