Súṣì Kí Ọjọ́ Ajé Tó Dé

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gé ahọ́n àbúrò mi. Dókítà ti fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa: kókó tó wà lára rẹ̀ ti ta gbòǹgbò, bí wọn ò bá gé gbogbo ahọ́n náà kúrò, ẹ̀mí ló máa lọ sí i. Wọ́n ní yóò yè. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, inú rọ́bà ni oúnjẹ rẹ̀ yóò máa gbà wọ ikùn, kò sì ní mọ adùn mọ́. Kúkù sì ni àbúrò mi o. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ọbẹ̀ kankan kì í jáde nílé ìdáná wọn kó má kọ́kọ́ kan ẹnu rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Mo bínú sí Ọlọ́run, mi ò ní fi pamọ́.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ jẹ kí ọjọ́ náà tó kò. Mo rò pé yóò dárúkọ ohun tí ìyá wa máa ń sè fún wa. Ó ní súṣì.

"Súṣì wo? Ẹja tí wọn ò sè, tí wọ́n gbé lé ìrẹsì yẹn?"

"Òun ni, Àǹtí mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti tọ́ wò. Èyí tí mi ò mọ̀ ni mo fẹ́ fi dágbére. Èyí tó dáa ni o, ẹ má lọ fún mi ní jákujàku."

Nọ́ọ̀sì ti ní kó máa jẹ ohun tó bá wù ú. La bá jáde láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Èmi ni mo di fóònù mú, mò ń wá ibi tó dáa, tí kò sì ní gbẹ̀mí wa, torí ọsibítù ti gbọ́n àpò wa gbẹ.

Ilé oúnjẹ tí a kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán bíi dígí. Wọn ò kọ iye kankan sínú ìwé oúnjẹ wọn.

"Ibi tí wọn ò bá ti kọ iye," àbúrò mi wí, "kì í ṣe ẹni tó máa béèrè ni wọ́n ń retí."

A yí padà. Ọkùnrin tó ń ṣí ilẹ̀kùn kí wa pé ó dàbọ̀, bí ẹni pé a ti jẹun yó.

Èkejì wà ní ibùdókọ̀. Wọ́n ti to súṣì sínú ike, wọ́n kó o sínú fíríìjì, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ó fi ọ̀kan sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrora, ó sì tu ú sínú tíṣù.

"Ìrẹsì àná ni," ó wí. "Ẹja yìí náà, ó ti gbàgbé omi."

Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ńṣe ló ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Níbi kẹta, ó ní ọtí kíkan ni wọ́n fi wẹ ìrẹsì. Níbi kẹrin, ó ní ọbẹ tó gé ẹja náà ti kú. Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí, inú bí mi.

"Ṣé ẹnu lo gbé wá ni àbí ilé ẹjọ́? Gbogbo wọn lo dá lẹ́bi!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ìrora fi mú un, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara mi lẹ́nu.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a tún wọ̀ ló ti yé mi. Ibi tó bá ti dáa la máa dúró sí, bí a bá sì ti dúró, ó parí nìyẹn. Ilé ló kù, lẹ́yìn ilé, ọsibítù. Látìgbà yẹn ni mi ò kánjú mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú pé kí gbogbo kúkù ìlú náà máa ba ìrẹsì jẹ́.

Ọlọ́run ò gbọ́ tèmi. Lẹ́yìn ibì kan tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, a rí yàrá kékeré kan, tábìlì rẹ̀ ò tó nǹkan, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye sára ògiri, kò sì ga jù fún wa. Bàbá arúgbó kan ló wà nídìí iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ tútù mọ ìrẹsì, ó tẹ ẹja lé e, ó gbé ọ̀kan ṣoṣo síwájú àbúrò mi, ó dúró.

Àbúrò mi fi í sẹ́nu, ó dijú. Kò jẹ ẹ́, ó rọra fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

"Kò dáa, àbí?" mo wí. "Dìde, mo tún rí ibì kan lórí fóònù, kò jìnnà." Mi ò rí ibì kankan.

"Ó dáa, Àǹtí mi."

"Ìrẹsì yẹn ńkọ́? Lójú tèmi, ó le díẹ̀."

"Ẹ ò tíì jẹ ẹ́." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ n jẹun."

Ó ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá náà ń gbé e wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Irọ́ ni. Gbogbo ibẹ̀ ti ṣú mọ́ mi lójú. Nígbà tó ku ọ̀kan, àbúrò mi tì í sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ jẹ èyí. Ẹ fọkàn sí i dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ó máa sọ fún mi bó ṣe rí, tí mo bá ti ń gbàgbé."

Ẹ̀rù bà mí. Mo fi sẹ́nu. Ó tutù, ó rọ̀, mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Mò ń wá adùn náà káàkiri ẹnu mi, mi ò bá a.

"Báwo ló ṣe rí?" Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Ó dùn."

"Irú dídùn wo, Àǹtí mi?"

Mo jẹ ẹ́ títí ó fi tán lẹ́nu mi, mo ṣì ń fi ahọ́n mi wá ohun tí màá sọ fún un.