Ọpẹ́ Ojú Ìwé Ìkẹyìn

Inú bọ́ọ̀sì ni Moyinọlá wà, ó ń bọ̀ láti Barakallahu, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kawo ní Kaduna nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Jọ́nà ti jáde! Ìwé ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, èyí tí fásitì wọn ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ẹnikẹ́ni láyé lè ṣí kà láìsan kọ́bọ̀. Orúkọ Moyinọlá sì rèé nínú rẹ̀, gàdàgbà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kẹta! Díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ málàmù tó jókòó tì í.

Ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi dé ojú ìwé ìkẹyìn, níbi tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dún tí ìlú Kaduna dàrú, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn di ti àdá àti iná, obìnrin Mùsùlùmí kan gbé ọmọbìnrin onígbàgbọ́ kan pamọ́ sábẹ́ ẹrù aṣọ òkìríkà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn kan wá, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ó gbé ènìyàn pamọ́. Obìnrin yìí gbé Kùránì, ó fi búra pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé òun. Kùránì o! Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé ìbúra yìí kiri nínú. Moyinọlá, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ó sì kìlọ̀ fún un pé, "Má dárúkọ mi." Moyinọlá gbà, ó sì fi ìtàn náà ṣe ìwádìí rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé náà, "ìyá kan" ló pè é, "ọmọ kan" ló sì pe ọmọ náà.

Àmọ́ ilé tí wọ́n ti tọ́ Moyinọlá, wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kí àgbàlagbà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ ìtàn fún un, kó má dúpẹ́? Ló bá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ó sì kọ ọ́ délẹ̀délẹ̀: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, Àlhájà Àmúdàtù, tó ń ta òkìríkà ní ọjà Kasuwan Barci, ẹni tí mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀." Ẹ ò rí ọmọ! Ó fi ọwọ́ ọ̀tún da aṣọ bo ìyá, ó fi tòsì ṣí i. Olùkọ́ méjì tó yẹ iṣẹ́ náà wò kò sì rí i. Ta ló ń ka ibi ọpẹ́?

Àwọn kan ń kà á o. Àmúdàtù ni ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù mọ́sálásí wọn, Wosilat tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ sì ni igbákejì, ojú Wosilat ò sì kúrò lára ipò náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn ọmọ Wosilat kì í gbé fóònù sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyá àsàlátù fi Kùránì búra èké, ó tán.

Moyinọlá pe Ezra, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ tó jẹ́ olóòtú jọ́nà náà. "Ezra, don Allah, yọ ìwé mi kúrò níbẹ̀!"

"Yọ ọ́ kẹ̀? Ènìyàn mọ́kànlélógójì ti gbà á sórí fóònù wọn." Àánú rẹ̀ ṣe Ezra. "Gbọ́. Mo lè tì í pa di aago mẹ́rin. Àmọ́ ìyá yẹn fúnra rẹ̀ ló máa buwọ́ lu ìwé pé ká yọ orúkọ òun."

Ìyá yẹn fúnra rẹ̀! Ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ lọ sọ fún un. Moyinọlá bọ́ sílẹ̀ ní Kawo, ó wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sọ́jà, inú ọkọ̀ ló ti kọ ìwé tí ìyá máa buwọ́ lù, ìdí rẹ̀ ò balẹ̀ lórí ìjókòó. Ó wo aago, ó wo ọ̀nà, ó tún wo aago. Nígbà tí ọkọ̀ há sójú kan ní Tudun Wada, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ sáré ìyókù.

"Moyin, ṣé ajá ń lé ọ ni?" Àmúdàtù ń kó ẹ̀wù ọmọdé jọ lórí ẹrù aṣọ.

Moyinọlá kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ó rọra sọ ọ́ nítorí Wosilat, tó ń ká ṣòkòtò ní ìsọ̀ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, kò fi ọ̀kankan pamọ́.

"Ìnnà lílláhì!" Ẹ̀wù bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Ìwọ! Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú! Ìwọ ni mo finú hàn, o wá gbé e sọ́jà fún mi!"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lu èyí, wọn á yọ ọ́ kó tó di aago mẹ́rin." Omi ti dà lójú rẹ̀.

Àmúdàtù fa bírò gbà. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó dúró.

"Àwọn wo ló lè kà á?"

"Gbogbo ayé, Ìyá. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ẹni tó bá wà ní Jọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù."

"Sarah náà lè kà á?" Sarah lorúkọ ọmọ tó gbé pamọ́.

"Tó bá wá a, Ìyá, ó lè rí i."

"Kí ló máa fi mọ̀ pé èmi ni? Ìyá kan, ìyá kan! Ìyá mélòó ló wà ní Kaduna?" Ó jókòó sórí ẹrù aṣọ. "Ọjọ́ kẹwàá ni ọkọ̀ sójà gbé e lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò wọ bàtà. N kò mọ̀ bóyá ó délé. Obìnrin èyíkéyìí tó bá yà síbí, ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ti rẹ̀ mí, Moyin. Pe ọmọ yẹn. Ní kó kọ orúkọ Sarah sí i."

Moyinọlá pe Ezra, ó na fóònù sí ìyá. Ezra ní kò ṣeé ṣe. Sarah fúnra rẹ̀ ò tíì fún wọn láṣẹ.

"Báwo la ṣe fẹ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí à ń wá?" Àmúdàtù bi í.

Ezra ní ti ìyá nìkan ni àwọn lè kọ.

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Sarah mọ orúkọ mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń pè é lábẹ́ aṣọ. Ẹ mú un kúrò nísàlẹ̀, ẹ gbé e síwájú. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù mi tì í."

"Jọ́nà kì í gba nọ́ńbà, Hàjíà."

"Ṣé ẹ kì í kọ ibi tí èèyàn ti lè rí ẹni tó kọ ọ́ ni?"

"À ń kọ ọ́."

"Kọ tèmi náà síbẹ̀!"

Ezra gbà. "To, shikenan, Hàjíà."

Moyinọlá nu ojú rẹ̀, ó yí ìwé náà padà, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n gbé orúkọ ìyá síwájú. "Ìyá, àsàlátù ńkọ́?"

Àmúdàtù buwọ́ lùwé, ó dá bírò padà. Ó yíjú sí Wosilat, tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí ṣòkòtò láti ìgbà tí Moyinọlá ti kúnlẹ̀.

"Wosilat, fi ìyẹn sílẹ̀, máa bọ̀. Mo fi Kùránì búra èké lọ́dún tí ìlú dàrú. Kí o tó lọ kà á lórí fóònù, wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Wosilat dìde, ó wá. Àmúdàtù sún fún un lórí ẹrù aṣọ.